Odò, Òkun, àti Ibi Tí Bàámi Máa Dúró Sí

Bí ẹ bá bi mí léèrè ọjọ́ tí ìfẹ́ ọkùnrin náà wọ̀ mí lọ́kàn, mi ò ní fi bò fún yín: ọjọ́ tó dojú dé sínú odò ni. Ọjọ́ tó kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín kọ́ o. Ìgbà tí ìdí ọkọ̀ rẹ̀ kọjú sí sánmà, tí òun fúnra rẹ̀ wà nísàlẹ̀ tó ń mu omi, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ wa bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ odò ni iṣẹ́ ilé wa. Bàámi ló ni ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń wa kayáàkì gba ibi tí omi ti ń hó lórí àpáta. Kayáàkì ni ọkọ̀ oníke tóóró tí èèyàn kan ṣoṣo máa ń wọ̀ bí ẹni wọ ṣòkòtò. Wàá jókòó, wàá na ẹsẹ̀ síwájú, wàá fi aṣọ tó nípọn dí ẹnu ọkọ̀ mọ́ ìbàdí ara rẹ kí omi má baà wọlé, wàá wá gbá àjẹ̀ olórí méjì mú. Màámi ló ń fi máṣíìnì rán àwọn aṣọ ìbàdí náà nínú yàrá ẹ̀yìn. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀kọ́, èmi náà ni mò ń fi irin gbígbóná dí ọkọ̀ tí àpáta bá ti lù.

Iṣẹ́ kan wà tí Bàámi kì í fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àpáta pẹlẹbẹ kan wà nísàlẹ̀ ibi tí omi ti le jù. Ibẹ̀ ló máa ń dúró sí, tòun ti okùn pupa tó ká sínú àpò, kó lè jù ú sí ẹni tó bá bọ́ sómi. Kí èèyàn tó sọ̀ kalẹ̀, Bàámi á gbé ọwọ́ kan sókè, á ní, "Mo wà níbí." Láti ọmọ ọdún méje ni mo ti ń gbọ́ gbólóhùn yẹn. Kò sí ọjọ́ tí mo sọ̀ kalẹ̀ tí mi ò gbọ́ ọ.

Ọkùnrin náà wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ga, iyọ̀ òkun ti pa àwọ̀ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dà. Mo gbé akoto fún un kó fi dé orí, mo bi í pé, "Ṣé ẹ ti wakọ̀ rí?"

"Ogún ọdún ni mo ti ń wa kayáàkì lórí òkun," ó ní. "Àwọn àlejò ni mò ń mú lọ sí erékùṣù. Ogójì kìlómítà lóòjọ́ kì í ṣe tuntun sí mi."

"Odò ò jọ òkun o."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ojú tó ti rí òkun, kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù."

"Ọ̀sà kọ́ nìyí," mo ní.

A wà lẹ́yìn àpáta ńlá kan níbi tí omi ti ń sinmi. Mo fi hàn án pé tó bá ti yọrí jáde, omi tó ń sáré á gbá ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó yáa gbé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ sókè, kó sì tẹ̀ síbi tí omi ń lọ. Ó ní òun gbọ́. Ó wá yọrí jáde, omi gbá a, ló bá fara ti omi náà bí ẹni fẹ́ dì mọ́ ọ̀rẹ́ àtijọ́. Kò ju kí ojú ṣẹ́ lọ. Ọkọ̀ dojú dé, ó gbìyànjú àtiyíra padà, kò ṣeé ṣe, ó jáwọ́, ó bọ́ jáde nínú ọkọ̀, odò sì ń gbé e lọ. Bàámi ju okùn. Ó gbá a mú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú mi. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó bá bọ́ sómi, omi ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi, tàbí ọkọ̀, tàbí olùkọ́. Eléyìí jáde, imú rẹ̀ ń ṣomi, ó wo ojú mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe?"

"Ẹ fara ti omi."

Ó ronú díẹ̀. "Lórí òkun, tí ìgbì bá fẹ́ ya lu èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́, òun gan-an lèèyàn máa fara tì, á fi àjẹ̀ lé e lórí. Ẹni tó bá sá fún un ló máa dojú dé."

"Níbí, ẹni tó bá fara tì í ló máa dojú dé."

"A jẹ́ pé èmi lọ̀sà bà lẹ́rù lónìí," ó ní, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń pè é ní Olówe. Òun náà ò jẹ́ kó pẹ́ tó fi sọ mí ní Ìyá Ìkánjú.

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi kọ́ṣẹ́. Lálaalẹ́, á wá jókòó sí ìsọ̀ níbi tí mo ti ń dí ọkọ̀, a ó sì máa jà lórí èyí tó le jù nínú méjèèjì.

"Odò ló le jù," mo ní. "Láàárín ìṣẹ́jú kan, ọ̀nà mẹ́ta lo máa yàn. Tó o bá ṣi ọ̀kan yàn, àpáta ń dúró dè ẹ́. Igi tó wó sínú omi ńkọ́? Bí asẹ́ ló rí. Omi á kọjá, ìwọ ò ní kọjá."

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tọ́kàn ẹ ò bá balẹ̀, o lè sún mọ́ bèbè, kó o gbé ọkọ̀ ẹ lé èjìká, kó o fẹsẹ̀ rìn kọjá ibẹ̀. Òkun ò ní bèbè. Tó o bá ti wakọ̀ fún wákàtí mẹ́ta, tí afẹ́fẹ́ wá yí padà, tí apá ń ro ẹ́, tí ìtọ̀ ń gbọ̀n ẹ́, ta lo máa sọ fún?"

Màámi dá máṣíìnì rẹ̀ dúró nínú yàrá ẹ̀yìn. "Ẹ̀yin wọ̀nyí, ìwọ̀n ìbàdí lẹ ní kí n wá gbà, àbí ẹjọ́ lẹ ní kí n wá dá?"

Ó jáde wá pẹ̀lú téèpù, ó wọn Olówe nídìí yíká, ó tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí ìdí tó fi yẹ kó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, ó wò mí lójú pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ìbàdí ẹni tó lè jókòó pẹ́ nìyẹn," ó ní. "Irú wọn ṣọ̀wọ́n nínú ilé yìí."

Olówe padà sí èbúté tó ti ń ṣiṣẹ́. A wá bẹ̀rẹ̀ sí í bára wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù láràárọ̀. Èmi tí mi ò bìkítà fún afẹ́fẹ́ rí láyé mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo orí igi kí n tó fọ ẹnu, kí n lè mọ bí òkun ṣe máa rí lọ́dọ̀ rẹ̀. Tó bá pẹ́ kó tó pè, màá da irin gbígbóná sílẹ̀, màá tún gbé e, màá dí ihò tí kò sí. Ọjọ́ tí mo fi irin lu ọkọ̀ tuntun, tí mo sì dá ihò sí i lára, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Oṣù kejì, mo lọ sí èbúté. Ìyá rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ bá pàdé. Ìyá Rédíò ni gbogbo èbúté ń pè é, nítorí òun ló ń jókòó ti ẹ̀rọ rédíò nínú yàrá onífèrèsé ńlá tó dojú kọ òkun. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wakọ̀ jáde, á sọ aago tó máa gúnlẹ̀. Ìyá Rédíò á kọ ọ́ sínú ìwé. Tó bá gúnlẹ̀, á pè lórí rédíò pé òun ti dé, Ìyá Rédíò á sì fi bírò pupa fa ìlà sí i. Ìwé náà nípọn. Kò sí orúkọ kan tí kò ní ìlà pupa.

"Ìwọ ni ọmọ odò," ó ní. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Èmi ni."

"Wọ́n ní iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni tiyín."

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó gbóná ni mà."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó dà bíi pé mo ti yege, n ò mọ̀ pé ìdánwò ṣì ń bọ̀.

Olówe gbé mi jókòó sínú ọkọ̀ òkun kan, òun náà wọ tirẹ̀. Gígùn èyí tó fún mi tó ìlọ́po méjì ọkọ̀ odò mi. Tí mo bá sọ pé kó yà, á kọ́kọ́ rò ó wò ná. Wákàtí àkọ́kọ́, ó sú mi. Kò sí àpáta, kò sí ariwo, erékùṣù tá à ń lọ kò sún mọ́ wa rárá. Mo rí i pé Olówe kò tiẹ̀ kọjú sí erékùṣù náà, ó kọjú sí apá ọ̀tún rẹ̀.

"Ṣé o ti gbàgbé ibi tá à ń lọ ni?"

"Òkun ń fà lọ sápá òsì báyìí," ó ní. "Tá a bá kọjú sí i, a máa kọjá ẹ̀. Tá a bá kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi fúnra ẹ̀ á gbé wa débẹ̀."

Ní wákàtí kejì, ẹ̀rù bà mí, nítorí mo bojú wẹ̀yìn, ilé kéré bí èékánná. Ní wákàtí kẹta, ìgbì ńlá tí kì í ya, tó kàn ń mí sókè sódò, gbé mi sókè, mo rí gbogbo òkun lẹ́ẹ̀kan náà, ó tún sọ̀ mí kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo kígbe bí ọmọdé. Ayọ̀ ló mú mi kígbe, mi ò sì tijú. Olówe kàn ń wò mí ni. A gúnlẹ̀ sórí iyanrìn, òun fúnra rẹ̀ pe ìyá rẹ̀ lórí rédíò, ó ti rédíò bọ àpò, ó wá sọ pé òun fẹ́ kí n jẹ́ aya òun. Mo ní, "Ó pẹ́ kó o tó sọ ọ́." Ó ní, "Ìyá Ìkánjú, oṣù méjì péré ni."

Ọ̀rọ̀ náà ì bá dùn lọ bẹ́ẹ̀, àṣìṣe mi ni kò jẹ́.

Ní ìgbà kejì tí mo lọ, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n dá wakọ̀ lọ sí etíkun kejì, ibi tí kò jìnnà. Mo sọ fún Ìyá Rédíò pé aago mẹ́ta ni màá gúnlẹ̀. Mo bá a lọ bí ará odò, mo sáré, aago kan ààbọ̀ ni mo gúnlẹ̀. Inú mi dùn sí ara mi. Mo fa ọkọ̀ sórí iyanrìn, mo fi rédíò sílẹ̀ nínú rẹ̀, mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan lọ ra búrẹ́dì, mo jókòó, mo jẹun, mo sùn lọ díẹ̀ nínú oòrùn. Lẹ́yìn náà mo gba ojú títì padà. Nígbà tí mo dé èbúté, ọkọ̀ ìgbàlà ti jáde, Olówe wà nínú rẹ̀, ó ń wá mi lójú omi. Ìyá Rédíò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò pariwo.

"Aago mẹ́ta lo sọ," ó ní. "Aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú nìyí."

"Ẹ má bínú mà. Láti aago kan ààbọ̀ ni mo ti gúnlẹ̀."

"Ta lo sọ fún?"

Ẹ gbọ́ mi yé o: láti kékeré, tí mo bá ti dé ìsàlẹ̀ odò, ojú Bàámi ló máa ń kọ́kọ́ rí mi. Èmi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí láyé mi pé mo ti dé.

"Ọmọ dáadáa ni ẹ́," ó ní. "Ọmọ mi fẹ́ràn ẹ, mo rí i. Ṣùgbọ́n wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi jókòó ti ìwé yìí tí mi ò rí ìlà pupa fà. Mi ò lè gba ìyàwó tí á máa ṣe báyìí fún ọmọ mi. Mi ò lè gbà á, ọmọ mi."

Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì títí mo fi délé. Mo ń bi ara mi léèrè pé ṣé èmi, tí mi ò lè fara balẹ̀ ka ojú ìwé kan tán, ni mo fẹ́ fẹ́ ọkùnrin tó ń fi wákàtí mẹ́fà wo afẹ́fẹ́. Bóyá Ìyá Rédíò rí nǹkan tí ìfẹ́ ò jẹ́ kí èmi rí.

Olówe ò jẹ́ kí n pẹ́ lórí ìrònú náà. Ọjọ́ kẹta ló dé ilé wa, ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàámi nínú ìsọ̀, láàárín àwọn ọkọ̀ tó ti fọ́. Ó ní ọmọ wọn wu òun, òun sì fẹ́ kí wọ́n fún òun.

Bàámi ń ká okùn lọ́wọ́. "Ìwọ tó o dojú dé lẹ́yìn àpáta tí ọmọ ọdún mẹ́jọ ń gbà kọjá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọmọ mi ò ní lọ gbé lójú òkun. Odò tó bá gbàgbé orísun ẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ." Ó kúrò níbẹ̀. Okùn tó ká tán náà, ó tú u, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ká a.

Màámi ló di alárinà láti ìgbà yẹn. Ó máa ń rán aṣọ, á máa rán iṣẹ́. Ó sọ fún Olówe pé kó má padà lẹ́yìn Bàámi, kó wá kọ́ odò dáadáa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi wá, kò pa Sátidé kan jẹ. Ó dojú dé, ó yíra padà, ó tún dojú dé. Mo máa ń pariwo sí i láti bèbè pé, "Tẹ̀ síbi tí omi ń lọ," títí ohùn mi fi há. Ọjọ́ kan, mo rí i tó yọrí jáde lẹ́yìn àpáta, ó gbé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ sókè, ó bá omi lọ wẹ́rẹ́, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó wẹ̀yìn wò mí, eyín rẹ̀ funfun báláú. Orí mi wú.

Ó wá di ọjọ́ tó ní òun fẹ́ gba ibi tí omi ti le jù, níbi tí odò ti já sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn. Bàámi kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó kàn gbé okùn, ó lọ dúró sórí àpáta rẹ̀. Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màámi, mo di apá rẹ̀ mú débi tó fi ní kí n fi òun sílẹ̀. Olówe jókòó lókè níbi tí omi ti dákẹ́, ó ń wo ìsàlẹ̀. A dúró. Bàámi gbé ọwọ́ sókè.

"Mo wà níbí," ó ní.

Láti ọjọ́ tí Olówe ti tọrọ mi, kò sọ ọ́ fún un mọ́. Okùn ló máa ń jù sí i láìsọ nǹkan kan. Màámi gbá mi nígbọ̀nwọ́.

Olówe sọ̀ kalẹ̀. Ó já níbi àkọ́kọ́, omi bò ó mọ́lẹ̀, ó yọ. Níbi kejì, omi yí i po, ó dojú dé, mo ka ení, mo ka èjì, ó yíra padà, ó wú ikọ́, ó tún ń wà á. Níbi kẹta, ó bá omi lọ bí ẹni tí wọ́n bí sínú rẹ̀. Bàámi kò ju okùn rárá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàámi pè é jókòó. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ má bi mí pé kí ni mò ń ṣe níbẹ̀.

"Mi ò ní ohunkóhun lòdì sí ẹ," Bàámi ní. "Ọ̀rọ̀ òkun tí mo sọ níjọ́sí, irọ́ ni mo fi ń para mi. Wò ó. Ọmọ yẹn, láti kékeré ẹ̀, tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, mo mọ ibi tí màá dúró sí. Mo mọ bí okùn mi ṣe gùn tó. Lójú òkun, níbo ni màá dúró sí?"

Olówe kò rí òwe kankan pa. Èmi lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi.

Màámi kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kejì, ó ká aṣọ ìbàdí tuntun kan tó rán fún ọkọ̀ òkun sínú àpò, ó ní òun ń lọ gbé e fún ẹni tó ni ín, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí èbúté. Ilẹ̀ ṣú kó tó padà dé. Mo bi í pé kí ni wọ́n sọ. Ó ní, "A sọ̀rọ̀ aṣọ." Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Obìnrin yẹn ní kí ìwọ àti ọkọ rẹ wakọ̀ lọ sí erékùṣù ní Sátidé tó ń bọ̀. Kó o sọ aago. Tó o bá gúnlẹ̀ kí aago náà tó kọjá, tó o sì fi ẹnu ara rẹ sọ fún un pé o ti dé, òun ò ní ẹjọ́ mọ́. Ó ní kí bàbá rẹ náà wá."

"Bàámi ò ní lọ sí ẹ̀gbẹ́ òkun."

"Ó ń lọ," Màámi ní. "Mo sọ fún un pé wọ́n ti wá ibi tó máa dúró sí."

Sátidé pé. Bàámi àti Màámi bá mi lọ sí èbúté, Bàámi wọ bàtà odò rẹ̀, ó gbé okùn pupa dání. Olówe rí i, kò rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún Ìyá Rédíò pé aago méjì. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn bírò lu tábìlì lẹ́ẹ̀kan. "Aago méjì," ó ní. Lẹ́yìn náà ó fa àga kan wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. "Bàbá ìyàwó, ẹ wá jókòó síbí." Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe pè é? Èmi gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan ilẹ̀ títí mo fi wọ ọkọ̀.

A wakọ̀ fún wákàtí mẹ́rin. Mi ò sáré. Tí ara mi bá ti fẹ́ gbéra sọ, Olówe á ní, "Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo," màá dín in kù. Mo kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ erékùṣù, omi fúnra rẹ̀ ń gbé wa lọ. Afẹ́fẹ́ dìde ní wákàtí kẹta, bí Olówe ṣe sọ pé ó máa dìde. Apá ń ro mí. Mo rántí ọ̀rọ̀ tó sọ nínú ìsọ̀, mo wá mọ̀ pé kò purọ́, àgàgà ọ̀rọ̀ ìtọ̀ yẹn.

Nígbà tí iyanrìn erékùṣù hàn kedere, a dé ibi tí omi ò ti jìn, níbi tí ìgbì ti ń ya. Olówe ti kọjá níwájú. Mo gbọ́ ariwo lápá ọ̀tún mi, mo bojú wò ó, ìgbì kan ti dìde ju orí mi lọ, orí rẹ̀ ti funfun. Ogún ọdún odò ló gba ọwọ́ mi lọ: mo gbé ẹ̀gbẹ́ sókè, mo sá fún un. Ó dà mí nù. Omi dúdú, iyọ̀ nínú imú, orí mi nísàlẹ̀. Mo yíra padà. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ odò fún mi, torí ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ, mo sì ti yọrí kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù.

Àmọ́ èkejì ti dé. Gbogbo ara mi ń sọ pé kí n sá. Mo rí Olówe níwájú, ó ti yí ọkọ̀ rẹ̀ padà, ó ń pariwo ohun kan tí mi ò gbọ́. Mo mọ ohun tó ń sọ. Mo fara ti ìgbì náà. Mo fi àjẹ̀ lé e lórí, mo fi gbogbo ẹ̀gbẹ́ mi tì í, ó ya lù mí, ó gbé mi, ó ń gbé mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ariwo ńlá, mi ò dojú dé. Mo ń rẹ́rìn-ín, omi ń wọ ẹnu mi. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbé mi dé orí iyanrìn, tó sọ̀ mí kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́.

Ó na ọwọ́ sí mi. Mo ní, "Dúró ná." Kí n tó jáde nínú ọkọ̀, kí n tó fẹnu ko ẹnikẹ́ni, mo fa rédíò yọ. Mo tẹ bọ́tìnnì.

"Ìyá Rédíò, èmi ni. Mo ti dé. Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ."

Mo jáwọ́ lára bọ́tìnnì. Rédíò ń ṣe háá. Mo dúró. Ohùn tó dáhùn kì í ṣe ti Ìyá Rédíò.

"Mo wà níbí," Bàámi ní.

Mo fẹ́ dáhùn, kò ṣeé ṣe, nítorí Bàámi kò mọ̀ pé èèyàn máa ń jáwọ́ lára bọ́tìnnì. Gbogbo yàrá náà la wá ń gbọ́. A gbọ́ tí ó ń sọ fún Màámi pé, "Ó ti dé. Ìyá ẹ̀, ó ti dé," bí ẹni pé Màámi kò sí níbẹ̀ nígbà tí mo sọ ọ́. A gbọ́ tó fọn imú. A gbọ́ nígbà tí Ìyá Rédíò ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jáwọ́ lára rẹ̀ kí ọmọ lè sọ̀rọ̀. Ẹ gba bírò yìí, ẹ fa ìlà náà fúnra yín."

A gbọ́ bí bírò ṣe ń há lórí ìwé. Olówe jókòó sórí iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ojú rẹ̀ kún fún omijé, ó ń rẹ́rìn-ín. Rédíò dákẹ́ díẹ̀, ó tún ké, Ìyá Rédíò fúnra rẹ̀ ni.

"Ìyàwó wa," ó ní. "Aago mélòó lẹ ń padà bọ̀?"

Mo wo ojú ọ̀run, mo wo orí igi kí n lè mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́, mo sì dá aago kan fún un.